Ọmọrí Ìkòkò Mẹ́ta

Ọjọ́ tí Afeefah kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Mísbáù, igbe ló fi dá a lóhùn. Kì í ṣe igbe ayọ̀ o, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Igbe ẹni tí nǹkan já lù lójijì ni.

Inú yàrá kékeré kan ló jókòó sí, ní ilé ìwòsàn etí kan nítòsí ọjà Kaneshie ní Accra. Iṣẹ́ Mísbáù ni láti máa yan ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún àwọn tí etí wọn wúwo. Ó fi ẹ̀rọ kan sí etí rẹ̀ ọ̀tún, ó fi ìkejì sí ti òsì, ó tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà, ó wá ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí atẹ́gùn fi gbá ilẹ̀kùn dé gbàà. Ìró náà wọ orí Afeefah bí ìṣó. Ó lọgun, ó fa ẹ̀rọ méjèèjì yọ, ó jù wọ́n sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Àkíbù, ti dìde. "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún un pé ká má wá. Ohun tí ti àkọ́kọ́ ṣe fún un náà nìyí."

Kí ẹ lè mọ ohun tí bàbá yìí ń sọ: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Afeefah nígbà tí ibà kan dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, etí rẹ̀ kò bá a yá. Kì í ṣe pé kò gbọ́ rárá. Ó ń gbọ́ èèyàn bí ẹni tí orí rẹ̀ wà nínú omi. Ẹnu àwọn èèyàn ló ń wò, ohun tí ètè bá wí ló ń mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá bàbá rẹ̀ ta ìkòkò ní ọjà Madina, láti orí èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ẹni méjì dé orí ìkòkò irin ńlá tí àwọn ará Gáná ń pè ní dàdésẹ̀n. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, mọ̀lẹ́bí kan fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Ọjọ́ kìíní tó lò ó lọ́jà, ọmọrí ìkòkò kan já bọ́. Afeefah rò pé ilé ló wó. Ó ju ẹ̀rọ náà sínú àpótí, kò sì yà sí i mọ́ fún ọdún méje.

Láàárín ọdún méje yẹn, ọkùnrin méjì ló wá fẹ́ ẹ. Èkíní gbọ́ pé etí rẹ̀ wúwo, a ò tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Èkejì ní òun á fẹ́ ẹ, àmọ́ kó má máa bá òun jáde. Afeefah fúnra rẹ̀ ló lé ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ náà ní ilé ìwòsàn, Mísbáù kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ẹ̀rọ nílẹ̀, ó sì wá jókòó síwájú rẹ̀ gan-an, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti ń bọ́ sí i lẹ́nu. Kò lọgun mọ́ ọn bí àwọn èèyàn ti máa ń ṣe.

"Ẹ̀bi mi ni," ó ní. "Mi ò ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Ìkòkò la ń tà."

Ẹnu ya Mísbáù. "Ìkòkò? Ẹ̀rọ tó ń gbé gbogbo ìró ga bákan náà ni mo wá fi sí etí ẹni tó ń ta ìkòkò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Èyí tó yẹ yín ni èyí tó mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ariwo. Tí ariwo òjijì bá ń bọ̀, á ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó tó dé etí yín, àmọ́ á fi ohùn èèyàn sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Ṣé irú ẹ̀ wà?"

"Oríṣi mẹ́ta ló wà níbí tí àwọn tó ṣe wọ́n ní ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí gbọ́ o, ẹ má sì gba èmi náà gbọ́. Nínú yàrá tó dákẹ́ báyìí, kò sí ẹ̀rọ tí kì í dára. Ẹ lọ gbé ariwo yín wá."

"Ariwo mi?"

"Ohun tó ń dẹ́rù bà yín jù lọ́jà. Ẹ gbé e wá ní Ọjọ́rú."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Afeefah dá wá. Inú báàgì rẹ̀ ni ọmọrí ìkòkò mẹ́ta wà, ńlá kan, kékeré méjì, ó fi aṣọ àlòkù wé wọn kí wọ́n má baà máa lura wọn nínú ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní tròtrò. Mísbáù kó wọn, ó bọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì yọjú wá wo irú ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ pa ìró ọmọrí, àmọ́ ó pa ohùn Mísbáù pọ̀ mọ́ ọn. Afeefah ní ìyẹn ò wúlò, ẹni tó bá bá òun dúnàádúrà nígbà tí ìkòkò bá ń dún á rò pé ńṣe ni òun ń gàn án. Ẹ̀rọ kejì pẹ́ kó tó mọ̀ pé ariwo ti dé. Ìró ti gbá a létí tán kó tó rẹlẹ̀. Inú bí i, ó gbé ọmọrí kan, ó jù ú sí Mísbáù lẹ́sẹ̀. Mísbáù fi ẹsẹ̀ kan tọ kiri yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó fi ẹ̀rọ kẹta sí i létí. Ọmọrí ńlá balẹ̀. Afeefah ti di ojú rẹ̀ pinpin, ó ń retí rẹ̀. Kò rí nǹkan kan tó wọ̀ ọ́ lórí. Ó gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé irin ni, àmọ́ bí ẹni pé síbí ló já sórí ẹní. Láàárín ìró yẹn gan-an, ohùn kan tó há díẹ̀ ń sọ pé, "Ṣé ó dùn yín?"

Afeefah la ojú. Ó yíjú padà. Láti ọjọ́ tó ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò tíì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó bá a sọ̀rọ̀ kó gbọ́.

"Ẹ tún un sọ," ó ní.

Mísbáù ju ọmọrí sílẹ̀, ó tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Omi ń bọ́ lójú Afeefah, kò sì mọ̀ pé ó ń bọ́.

Ó padà wá lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn ìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, híjáàbù rẹ̀ ń ha ẹnu ẹ̀rọ, ó ń dún wúyẹ́wúyẹ́. Mísbáù bá a wá aṣọ tó fẹ́lẹ́ tí kì í ha. Lẹ́yìn náà, ohùn ara rẹ̀ ń yà á lẹ́nu. Mísbáù bá a tún un ṣe. Nígbà kẹrin, Mísbáù wo kọ̀ǹpútà títí, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, kò sí ohun tó kù tí mo fẹ́ ṣe sí ẹ̀rọ yìí mọ́," ó ní. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti dára. Mo kàn fẹ́ kí o máa wá ni."

'Kí o' ló sọ. Kò ní 'kí ẹ'. Afeefah gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń rí ara wọn, ní ìdí ilé tí wọ́n ti ń ta wáàkyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, lójú títì Madina, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Inú Afeefah ń dùn, àmọ́ iyèméjì kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ṣé kì í ṣe pé àánú mi ń ṣe ọ́?"

Mísbáù gbé ṣíbí sílẹ̀. "Àánú? Ẹni tó ju irin sí mi lẹ́sẹ̀? Èékánná mi ò tíì hù tán o. Bó bá jẹ́ pé àánú ń ṣe ẹnikẹ́ni, èmi ló yẹ kí wọ́n ṣàánú."

Afeefah rẹ́rìn-ín títí wáàkyé fi tutù.

Nígbà tí wọ́n pinnu láti fẹ́ ara wọn, ọ̀dọ̀ ìyá Mísbáù ni ọ̀rọ̀ kù sí. Alhaja Sàúdátù lorúkọ wọn, opó ni, Jamestown ni wọ́n ń gbé, aṣọ ni wọ́n ń tà nídìí ibùdókọ̀ Kaneshie láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àǹtí Fọlákẹ́, àbúrò bàbá Afeefah, ni wọ́n rán lọ bá wọn. Obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ bẹ̀ ni Fọlákẹ́, ó ti ṣe alárinà fún ìgbéyàwó mẹ́fà nínú ẹbí, kò sì sí èyí tó tú ká. Lọ́jọ́ tó ti Jamestown dé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó jókòó.

"Afeefah, kí ni o ṣe fún obìnrin yẹn?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n rí, Àǹtí."

"Ó mọ̀ ọ́. Ó ní òun wá sí ìsọ̀ yín láti wá wò ọ́ kóun tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ní 'Àgò o' lẹ́ẹ̀mẹta, o wà nínú lọ́hùn-ún, o ò dá òun lóhùn. Ó ní ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tí kì í jẹ́ àgò àgbà."

Afeefah rántí obìnrin náà. Ó wọ léèsì aláwọ̀ omi aró, ó dúró, ó pòṣé, ó sì yíra padà lọ.

"Mo dáhùn, Àǹtí. Ẹ̀rọ wà létí mi. Mo ní, 'Àgò yà, ẹ wọlé, mà.' Ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n pè ni mo dáhùn. Ìkòkò ni mò ń tò, mi ò lè tètè jáde."

"Ó ní o ò dáhùn."

"Mo dáhùn."

Fọlákẹ́ wò ó. Ó hàn pé kò mọ èyí tí òun ì bá gbà gbọ́. "Ó dáa. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé ara rẹ ò yá lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, òun á wá, òun á wo ìwà rẹ. Àmọ́ etí yìí, má jẹ́ kó rí i. Bó bá rí i, ó ti parí nìyẹn. Híjáàbù á bò ó."

Mísbáù kò fara mọ́ ọn. Ó ní òun fẹ́ sọ fún ìyá òun, pé òun tí òun ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí ojú má tì wọ́n, báwo lòun á ṣe wá fi ti ìyàwó òun pamọ́? Afeefah ló bẹ̀ ẹ́. Ó rántí ọkùnrin méjì tó ti lọ. Ìkẹta yìí, kò lè fara dà á kó lọ.

"Lẹ́yìn mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́," ó ní. "Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ gan-an. Jọ̀ọ́."

Mísbáù gbà, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Oṣù tí wọ́n fòfin de ariwo ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ẹni tó bá ti gbé Accra rí mọ̀ ọ́n: lọ́dọọdún, kí àwọn Gá onílùú tó ṣe ọdún Hómówò, ìlù á dákẹ́ fún oṣù kan, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ò ní gbé gbohùngbohùn síta. Ilé Alhaji Àkíbù ní Madina pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn àlejò ti Jamestown wọlé ní wọ́ọ́rọ́wọ́, Bàbá Àrówólò, ẹ̀gbọ́n Alhaja, ló ṣáájú wọn. Alhaja jókòó sórí àga tó kẹ́yìn sí ọ̀nà ilé ìdáná. Wọn ò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n pe Afeefah jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alhaja, ó kí wọn, ó sì rí i pé ẹnu òun ni wọ́n tẹjú mọ́, bí ẹni ń wá àbùkù. Bàbá Àrówólò ní kí Alhaja ṣe àdúrà fún ọmọ náà. Alhaja gbé ọwọ́ lé e lórí. Afeefah gbé ojú sókè díẹ̀ kó lè rí ètè wọn.

"Kí Ọlọ́run fi ìwà tútù sí ọ nínú," Alhaja bẹ̀rẹ̀. "Kí Ó jẹ́ kí o mọ àgbà..."

Fọlákẹ́ ń bọ̀ láti ilé ìdáná, ó gbé tíréè ńlá tó kún fún ife àti ìgò Málítà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Tíréè, ife, ìgò, gbogbo rẹ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn Alhaja, nínú ilé tí ẹ lè gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà.

Bàbá Àrówólò fò dìde, fìlà rẹ̀ bọ́. Obìnrin kan ké orúkọ Ọlọ́run. Mísbáù di ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Alhaji Àkíbù fi ọwọ́ sí àyà. Afeefah gbọ́ ọ bí ṣíbí tó já sórí ẹní, bí ẹ̀rọ rẹ̀ ti máa ń ṣe é fún un, kò sì mira. Ètè Alhaja ló ṣì ń wò.

Ètè yẹn kò dúró.

"...kí Ó fún ọ lọ́mọ tí á gbọ́ràn..." Alhaja ń bá àdúrà lọ. Ìgbà tí ojú wọn bá Bàbá Àrówólò lórí ìdúró ni ara wọn tó gbọ̀n, tí wọ́n wá ní, "Kí ló dé?"

Jìnnìjìnnì bo Afeefah. Ó mọ irú fífò yẹn. Ó ti fò ó fún ọdún méjìdínlógún: kó o kọ́kọ́ wo ojú àwọn tó kù, kó o tó mọ̀ pé ó yẹ kí àyà rẹ já.

Bàbá Àrówólò ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn fìlà. "Gbogbo wa la fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyàwó wa nìkan ni kò ta gìrì. Ọkàn rẹ̀ le."

Ìyìn ló fẹ́ fi yìn ín. Àmọ́ Alhaja gbọ́ apá kan ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì wo Afeefah. Ọwọ́ tí wọ́n gbé lé e lórí sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kan nǹkan líle kan lẹ́yìn etí. Wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ híjáàbù, wọ́n sì fa ẹ̀rọ náà jáde lójú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi wọ etí.

Etí òsì Afeefah kú. Ilé dàrú. Ètè ló fi mọ ohun tí Alhaja ń wí. "Adití ni. Mísbáù, o mọ̀? Adití lẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀ fún mi? Abájọ tí kò fi jẹ́ àgò mi."

Mísbáù ń bẹ̀bẹ̀. Alhaji Àkíbù ń bẹ̀bẹ̀. Fọlákẹ́ dúró sáàárín ìgò tó fọ́, kò sì lè gbé ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí Afeefah nílò láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀: ẹ̀yin náà ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Bó bá sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn, yóò jàre, obìnrin yìí kò sì ní lè gbé ojú sókè mọ́ nínú ẹbí rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Alhaja fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì kó èèyàn wọn lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Mísbáù wá sí ìsọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní bí ìyá òun kọ̀, bí wọ́n gbà, òun á fẹ́ ẹ.

"Mi ò ní wọ ilé tí wọ́n ti lé mi jáde," Afeefah dá a lóhùn. "Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n nílé yín, báwo ni màmá ṣe ń gbé ohùn rẹ̀ sókè tó?"

"Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ìròyìn lọ́dọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ràn..." Ó wo Afeefah. Ẹnu rẹ̀ là, kò sì pa á dé.

"Nígbà tí tíréè já bọ́, àdúrà wọn ò dúró," Afeefah ní. "Lọ́jọ́ tí wọ́n wá síbí, mo dáhùn."

Mísbáù jókòó sórí dàdésẹ̀n kan tó dojú délẹ̀. "Etí gbogbo ìlú ni mò ń yẹ̀ wò," ó ní. "Ìyá mi ní mò ń gbéra ga, pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ sókè mọ́ látìgbà tí mo ti ríṣẹ́. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni." Ó dìde. "Mò ń lọ bá wọn."

"Rárá. Bí ìwọ bá lọ, ojú á tì wọ́n. Èmi ló yẹ kó lọ."

Ìdí ibùdókọ̀ Kaneshie kò mọ òfin ariwo kankan. Àwọn méètì tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ìkóríta Circle ń ké "Circ, Circ, Circ", fèrè ọkọ̀ ń dá ara wọn lóhùn, gẹnẹrétọ̀ ń dún, nítorí ọdún yẹn ni ọdún dọ́msọ̀, tí iná ń lọ lójoojúmọ́. Afeefah kò dúró sẹ́yìn kí àgò. Ó rìn lọ síbi tí ojú Alhaja á ti bá a, ó kúnlẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló rán ọ wá?" Alhaja ní.

"Mo rán ara mi ni, mà. Ẹ má bínú pé a fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Ìyẹn ò dáa, èmi ni mo fà á, kì í ṣe Mísbáù." Kò gbé ohùn sókè, ó kàn ń jẹ́ kí ètè rẹ̀ hàn. "Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá sí Madina, mo jẹ́ àgò yín. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Mo wà lẹ́yìn ìkòkò, ẹ ò rí ẹnu mi."

"Ṣé irọ́ ni mo wá pa mọ́ ọ?"

"Ẹ ò purọ́, mà. Ẹ ò gbọ́ ni."

Alhaja wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ fò lẹ́yìn àwọn tó kù. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń fò. Ní mọ́ṣáláṣí, èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo fi ń mọ ìgbà tí a máa tẹríba."

Alhaja mú tépù nílẹ̀, wọ́n ká a. "Èjìká ìyàwó Lèmọ́mù lèmi ń wò," wọ́n ní nígbẹ̀yìn. "Lọ́jọ́ tí kò bá wá, mi ò mọ ibi tí ìrun dé."

Wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìdì aṣọ, wọ́n mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kiri láàárín ọkọ̀.

"Ọjọ́ kan péré ni mo lò ó. Tròtrò kan fun fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ṣubú lulẹ̀ níwájú oníbàárà. Mo ní mo jìn sí kòtò. Mísbáù ò gbọ́dọ̀ mọ̀, ojoojúmọ́ ló ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn kí wọ́n má ra irú rẹ̀." "Nígbà tí mo fa nǹkan yẹn jáde létí rẹ, ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe ìkórìíra. Mo ní adití kan nínú ilé ti tó. Bí a bá di méjì, ta ni yóò gbọ́ tí ọmọ Mísbáù bá ń ké?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Afeefah lọ́kàn. Òun náà ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

"Èmi á gbọ́, mà. Ẹ̀yin náà á gbọ́. Ohun tẹ́ ẹ rà yẹn, ariwo nìkan ló ń gbé. Èyí tó mọ bí a ti ń mú ariwo òjijì rọlẹ̀ wà, àmọ́ ẹ kò ní mọ̀ ọ́n nínú yàrá tó dákẹ́. Ẹ gbé ariwo yín wá."

"Ariwo wo?"

"Èyí tó gbé yín ṣubú."

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Mísbáù yá fèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan, ó so ó mọ́ bátìrì, ó gbé e wọ ilé ìwòsàn. Afeefah gbé ọmọrí mẹ́ta dání. Alhaja jókòó sórí àga, wọ́n di apá àga mú gírígírí. Ẹ̀rọ tó bá Afeefah lára mu kò bá wọn mu. Ó fi ohùn èèyàn sílẹ̀ díẹ̀ jù fún etí wọn. Èkejì kò yá tó. Nígbà tó kan èyí àkọ́kọ́, èyí tí Afeefah ti kọ̀, Mísbáù tún un ṣe títí, ó fun fèrè. Alhaja ti ṣe tán láti ṣubú. Wọn ò ṣubú. Wọ́n ní, "Ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ wà ní Circle, èmi sì wà níbí."

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi, Màámi?"

Alhaja yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Mísbáù," wọ́n ní, "ìgbà wo lohùn rẹ di ohùn bàbá rẹ?"

Mísbáù yíra padà sí ojú fèrèsé, ó ń fọwọ́ nu ojú.

Afeefah rọra kó ọmọrí rẹ̀, ó fà sẹ́yìn, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn Alhaja, níbi tí wọn ò ti lè rí ètè rẹ̀. Gbogbo ohun tó fẹ́ láyé wà lórí ọ̀rọ̀ kan.

"Àgò o," ó ní, wẹ́rẹ́.

Alhaja kò yíjú padà. Afeefah dúró. Kò tún un sọ.

"Àgò yà," Alhaja ní. Ẹkún ni wọ́n ń sun, ìyẹn ni wọn ò fi yíjú. "Wọlé, ìyàwó mi."

Ọmọrí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ lọ́wọ́ Afeefah, wọ́n balẹ̀ gbàràgàdà lórí sìmẹ́ǹtì. Nínú yàrá yẹn, Mísbáù nìkan ló ta gìrì.